Àwàdà tí Ọ̀gbẹ́ni Dietz Kò Gbọ́ Rí

Ní òpópónà Larch, ní ìlú kékeré Hadley Grove ní ìpínlẹ̀ Iowa, kò sí baba ọmọ kankan tó mọ ọdún Halowíìn ṣe bíi Lowell Stensrud. Bí o kò bá gbà, bi Lowell fúnra rẹ̀ léèrè. Yóò sọ fún ọ kí o tó jókòó, yóò sì tún un sọ nígbà tí o bá ń wá bàtà rẹ láti máa lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun ni títún ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ṣe, oṣù Kẹwàá sì ni gbogbo ìlú máa ń rántí pé ẹ̀rọ tiwọn ti bàjẹ́ láti oṣù Kẹta. Ṣùgbọ́n ẹni tí òtútù bá mú ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà, kí ó yáa wọ ṣúẹ́tà méjì. Lowell ní iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́. Páálí ló ń gé.

Ìgbà ìwọ́wé kì í bá Lowell nílé, òun ló máa ń jáde lọ pàdé rẹ̀. Láàárín oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwa tó kù ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, ó ti so pòròpórò àgbàdo mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù onírun, ó ń làágùn yọ̀bọ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ló ti gbẹ́ ojú, imú àti ẹnu sára elégédé. Trudy ìyàwó rẹ̀ ní kó ní sùúrù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìlá, ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ imú elégédé náà tán, ìyókù sì ti rì wọ inú bí ẹnu arúgbó tí kò léyín mọ́. Lowell ní bí òun ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn, pé ó túbọ̀ ń dẹ́rù bani.

Ní gbogbo Sátidé, ó di dandan kí ìdílé náà gbádùn. Ó kó wọn lọ sí oko ápù. Ó kó wọn lọ sí oko àgbàdo kan tí wọ́n la ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ sínú rẹ̀ kí ènìyàn lè sọnù tayọ̀tayọ̀. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà na àwòrán ọ̀nà sí i, Lowell ní ọmọ Iowa ni òun, àgbàdo kò lè da òun láàmú. Trudy gba àwòrán náà lẹ́yìn rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ méjèèjì jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ dónọ́ọ̀tì, wọ́n mu omi ápù gbígbóná, wọ́n sì tún jẹ dónọ́ọ̀tì mìíràn, kí wọ́n tó rí orí Lowell tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ tí kò sí ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n délé, ó gbá ewé jọ gègèrè fún àwọn ọmọ láti bẹ́ sí, kí ó lè ya fọ́tò wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n bẹ́ ẹ, torí pé ayọ̀ ojú wọn kò tíì tó. "Ẹ gbádùn ara yín, mo ní!" ló ń pariwo, bí ẹni tó ń bá wọn wí.

Ìdí tó fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí kò jìnnà. Ilé kẹfà sí tirẹ̀ ni. Ọ̀gbẹ́ni Verlyn Dietz ló ń gbé ibẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹwàá, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Halowíìn, ni àwọn ọmọ máa ń wọ aṣọ ìparadà jáde, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́jọ alẹ́. Alẹ́ Oníbárà là ń pè é. Ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó bá kan ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ sọ àwàdà kí wọ́n tó fún un ní súìtì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa máa ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà náà tó parí, kí ọmọ ọlọ́mọ lè máa lọ, kí a sì lè pa ilẹ̀kùn dé kí òtútù tó wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Dietz kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ariwo tó gbọ́ níbẹ̀ ti tó o títí ayé. Bí o bá pa á lẹ́rìn-ín, yóò fún ọ ní ṣokoléètì ńlá, odindi, èyí tó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Bí o kò bá pa á lẹ́rìn-ín, yóò fún ọ ní páálí kékeré kan tí èso àjàrà gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ti gba ṣokoléètì náà kò pé mẹ́wàá, gbogbo wa la sì mọ orúkọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni olórí ìlú wa báyìí, ó sì ń fi í polongo ìbò.

Lowell Stensrud, tí wọ́n bí sí òpópónà yìí, tó sì jogún ilé bàbá rẹ̀ níbẹ̀, gba àjàrà gbígbẹ láti ọmọ ọdún márùn-ún títí dé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọdún méje gbáko. Inú ewé ló máa ń sọ ọ́ sí bó bá ti jáde. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì báyìí, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò dun òun rárá. Ó ti sọ fún Trudy pé kò dun òun ní ọjọ́ kejì tí wọ́n jọ jáde, kí ó tó bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Ó ti rán Maren, àkọ́bí rẹ̀, lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Maren, ó gbọ́n, ó sì mọ ìgbà tí ogun kì í ṣe ti òun.

"Dádì, mo fẹ́ràn àjàrà gbígbẹ," ló sọ fún bàbá rẹ̀ lọ́dún yẹn. "Ó dùn lẹ́nu mi."

Lowell wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ti yí ẹ̀sìn padà.

Ó wá ku Otis, ọmọ ọdún mẹ́fà. Nínú ilé, Otis kì í dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn dé ilé ìwẹ̀, ó ń bá ṣíbí jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e jáde. Olùkọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ tí ilé ìwé ti wọlé. Ní Alẹ́ Oníbárà ọdún tó kọjá, ṣe ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn, ó la àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo bàtà wọn. Àwọn tó kù ṣàánú rẹ̀, wọ́n ju súìtì sí i. Ọ̀gbẹ́ni Dietz ní ẹni tí kò sọ àwàdà kò ní gba nǹkan kan, àjàrà pàápàá kò kàn án.

Mo ti ń fi Lowell ṣe yẹ̀yẹ́ bọ̀, n kò sì tíì ṣe tán, àmọ́ kí n sọ òótọ́ kan mọ́ ọn. Kì í ṣe ṣokoléètì ló ń gba oorun lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ayé yóò máa kọjá lára ọmọ náà, kò sì ní la ẹnu dá ayé dúró. Bàbá mìíràn ì bá jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí ó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Lowell kọ àwàdà méjìlélógún sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì.

Lọ́dún yìí kan náà, pátákó "Ilé Yìí Wà fún Títà" ti dúró níwájú ilé Ọ̀gbẹ́ni Dietz. Ó ń lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ ní Arizona nínú oṣù Kọkànlá. Àǹfààní ìkẹyìn nìyí.

Nítorí náà, ilé ìwé àwàdà bẹ̀rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹ̀wà pupa eléran tó ta lẹ́nu ni wọ́n ń jẹ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú búrẹ́dì kíká onísúgà tí àwa ará Iowa máa ń rì bọ inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá ní ìdí.

"Otis, kí ni iwin máa ń jẹ láàárọ̀?" Lowell béèrè.

"Ẹni tó bá pẹ́ dìde," Otis dáhùn, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Rárá. O ti yára jù. Bí wọ́n bá ní kí ni, kọ́kọ́ dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n máa retí rẹ. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

"Lowell, ọmọ ń jẹun," ni Trudy sọ.

"Iṣẹ́ ni mò ń kọ́ ọ."

"Iṣẹ́ tí o fi ọdún méje ṣe tí ẹnìkan kò rẹ́rìn-ín?"

Wàrà gba imú Maren jáde. Lowell ní ìyẹn ni wọ́n ń pè ní rírẹ́rìn-ín nígbà tí kò yẹ.

Otis ní ẹ̀rọ ìkórè àgbàdo ni òun fẹ́ dà. Odindi ẹ̀rọ náà o, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú eyín gbọọrọ tó máa ń gé àgbàdo níwájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Lowell fi ń fi páálí kàn án nínú gáráàjì. Trudy ní ọmọ òun kò ní jáde láìwọ kóòtù òtútù, ni Lowell bá mú ẹ̀rọ náà fẹ̀ sí i kí kóòtù lè gba inú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi okùn wọn ẹnu ọ̀nà gáráàjì, ó rí i pé yóò gbà á jáde, ó sì yin ara rẹ̀.

"Ṣé o wọn àtẹ̀gùn?" Trudy béèrè.

"Àtẹ̀gùn wo?"

"Ti gbogbo ilé tí ọmọ yìí fẹ́ gùn lọ kan ilẹ̀kùn."

Lowell rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ níwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí obìnrin náà má da ara rẹ̀ láàmú.

Lowell fúnra rẹ̀ fẹ́ di màlúù. Ó ra aṣọ funfun tó ní àmì dúdú ńláńlá, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ó rán an mọ́ ikùn rẹ̀ kó dà bí ọmú.

"Dádì, orí ọmú mẹ́rin ni màlúù ní," Maren sọ. "Márùn-ún ni tiyín."

"Ta ló fẹ́ kà á?"

Ní Iowa ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́ta ti lè fún wàrà lára màlúù.

Ọgbọ̀nọjọ́ pé. Òtútù náà kò gba ẹ̀bẹ̀. Ní aago mẹ́fà géérégé, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti tàn ní gbogbo òpópónà, ewé pupa ti bo ojú títì, àwọn ọmọ sì ti ń sáré káàkiri. Trudy so etí ológbò mọ́ fìlà rẹ̀, ó ní òun ti múra tán. Maren múra bí àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Màlúù ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀rọ ìkórè ń lọ níwájú, ó ń yọ́ rìn.

Ilé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀ pé Trudy ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Eyín ẹ̀rọ náà fẹ̀ ju àtẹ̀gùn lọ. Otis dúró sísàlẹ̀, Maren gòkè, ó sọ àwàdà tirẹ̀, ó gba tirẹ̀, ó sì gba ti àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé kejì. Ní ilé kẹta, ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

"Kí ni àwàdà tìrẹ, olówó orí mi?"

Otis wo bàtà rẹ̀. Lowell bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Iwin, Otis. Láàárọ̀. Kí ni iwin—"

"Ẹ fi í sílẹ̀, màlúù," ni ìyá àgbà sọ, ó sì ju súìtì sínú ẹ̀rọ.

Nígbà tí wọ́n fi dé iwájú ilé Ọ̀gbẹ́ni Dietz, aago méje ti lù, ọmọ náà kò tíì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Lowell mú un léjìká, ó kúnlẹ̀ sórí ewé.

"Gbọ́, Otis. Bí o kò bá fẹ́ sọ ọ́, kò sí nǹkan kan." Ohùn rẹ̀ ń sọ pé nǹkan wà. "Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́, rántí ìdákẹ́."

Òfin Ọ̀gbẹ́ni Dietz ni pé àgbàlagbà kankan kò gbọ́dọ̀ tẹ koríko òun. Trudy dúró sí ojú títì. Lowell lóṣòó sẹ́yìn àpótí lẹ́tà, èyí tó wà létí títì lórí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò lè bo adìyẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ màlúù.

Ilẹ̀kùn ṣí. Maren gbìyànjú àwàdà kan nípa ìkùukùu ojú ọ̀run. Ọ̀gbẹ́ni Dietz ní òun ti gbọ́ ọ rí. Maren ní ẹ ṣé sà, ó gba àjàrà rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá bá ìyá rẹ̀. Ó wá kan Otis láti gòkè, àtẹ̀gùn kan, àtẹ̀gùn kejì, ni eyín ẹ̀rọ bá há sáàárín irin ìdìmú tó wà lọ́tùn-ún àti lósì àtẹ̀gùn. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Dietz wò ó títí.

"Àgbàdo wo lo fẹ́ kórè lórí àtẹ̀gùn mi?"

Bàbá arúgbó náà rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn òkè, orúnkún rẹ̀ ń dún, abọ́ àjàrà wà lórí itan rẹ̀.

"Ó yá, àwàdà dà? Mo ní títí di aago mẹ́jọ."

Lẹ́yìn àpótí lẹ́tà, Lowell na ọrùn jáde. Ó ya ẹnu, ó ń sọ ọ́ láìsí ohùn: *iwin, iwin*. Ó fi ọwọ́ ṣe ẹni tó ń jẹun. Ó fi ọwọ́ ṣe oòrùn tó ń yọ. Ó fi ọwọ́ ṣe ẹni tó sùn. Ìbọ̀wọ́ tó wà níkùn rẹ̀ ń jó bó ṣe ń mira. Kò bẹ Ọlọ́run láti ọjọ́ tó ti ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ ẹ́ báyìí, pé kí ọmọ náà ṣáà sọ nǹkan kan, ohunkóhun, kódà kó jẹ́ "ẹ kú alẹ́."

Otis yí orí padà níwọ̀n tí páálí gbà á láàyè. Ó rí bàbá rẹ̀. Ó wò ó dáadáa, láti ìwo dé ọmú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Dietz, ohùn kan sì jáde, ohùn kékeré kan tó há díẹ̀, tí olùkọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ rí.

"Màlúù wo ló ní orí ọmú márùn-ún, tó ń sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Dietz ronú. "N kò tíì gbọ́ ìyẹn rí. Màlúù wo?"

Otis dákẹ́. Ó jẹ́ kí ó máa retí òun. Ó dákẹ́ títí Trudy fi di apá Maren mú.

"Dádì mi ni. Wọ́n wà lẹ́yìn àpótí lẹ́tà yín."

Ọ̀gbẹ́ni Dietz gbé ojú sókè. Lowell ti gan síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè níbi tó ti ń ṣe oòrùn. Nǹkan kan dún nínú àyà bàbá arúgbó náà bí ọkọ̀ tí wọn kò tan fún ọdún pípẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì, ló bá gbiná. Ó rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi bọ́ lórí itan rẹ̀, àwọn páálí àjàrà sì ń yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó di irin mú. Ó nu ojú, ó tún wo Lowell, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Lowell Stensrud! Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ kú alẹ́, sà."

"Wá bá mi yọ ọmọ rẹ, òmùgọ̀."

Àwọn méjèèjì fa ẹ̀rọ ìkórè náà títí ó fi jábọ́, eyín rẹ̀ mẹ́ta sì kù sára irin. Ọ̀gbẹ́ni Dietz wọlé, ó mú ṣokoléètì ńlá jáde, ó fi lé Otis lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Lowell.

"Láti ọmọ ọdún márùn-ún lo ti ń wá síbí láti wá pa mí lẹ́rìn-ín," ó sọ. "Òní lo tó ṣe é."

Lowell kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ nà jáde. Ọ̀gbẹ́ni Dietz wo ọwọ́ náà.

"Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo sọ àwàdà náà," ó ní, ó sì fi páálí àjàrà gbígbẹ kan sínú rẹ̀.

Lójú títì, Lowell wo páálí kékeré náà. Kò sọ ọ́ sínú ewé. Ó ṣí i, ó dà á sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Maren kò tan án, ó dùn. Ó fẹ́ bá Otis sọ̀rọ̀, ó fẹ́ sọ pé inú òun dùn, pé kò sí ohun tí inú òun dùn sí tó báyìí rí, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń fà á láṣọ, ó ń nawọ́ sí ilé tó kàn.

"Dádì, ẹ lọ sẹ́yìn àpótí lẹ́tà."

"Otis, o lè sọ ti iwin fún—"

"Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn máa la ẹnu lásán."

Ilé mọ́kànlá ló kù kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni Lowell Stensrud, ọ̀gá Halowíìn ní òpópónà Larch, lóṣòó sẹ́yìn àpótí lẹ́tà àwọn aládùúgbò rẹ̀, tó la ẹnu tó pa á dé láìsí ohùn, nígbà tí ọmọ rẹ̀ dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó ń pe onílé síta. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló gbọ́ ohùn ọmọ náà tó ń bá àjèjì sọ̀rọ̀, ó sì ń le sí i. Ní ilé tó kẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, Trudy ló fà á dìde. Ó rí omi lójú rẹ̀, ó bi í bóyá orúnkún ni. Lowell ní òtútù ni.